Àwòrán Kẹta ti Àgbọ̀n Àǹtí

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ayàwòrán inú ara kan ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ-Má-Mira ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Aláìsàn á jókòó sórí àga, á gbé àgbọ̀n lé orí irin kékeré kan, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí rẹ̀ po, ayàwòrán á sì dúró lẹ́yìn gíláàsì, á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má mira. Ẹ ṣeun, ẹ má mira." Kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Àmọ́ ẹni tó bá mira láàárín ìdajì ìṣẹ́jú yẹn, ojú méjì-méjì ni egungun rẹ̀ máa ní nínú àwòrán.

Láti ọjọ́ Ẹtì, òun gan-an kò lè dúró sójú kan. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Bó bá dìde, kò ní mọ ohun tó torí rẹ̀ dìde. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé kòkòrò ló wọ inú ṣòkòtò rẹ̀ ni, ó ní rárá, ó sì tún dìde.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì náà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ bó ṣe máa ń yà nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀. Àǹtí yìí ni àkọ́bí ìyá wọn, òun ni àbíkẹ́yìn, ọdún mẹ́rìndínlógún ló sì wà láàárín wọn. Ìyá wọn kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tó bí i. Ẹ̀yìn Àǹtí ló ti mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́, ẹ̀yìn Àǹtí náà ló ti mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Aránṣọ ni Àǹtí, kì í sì í ṣe aránṣọ yẹpẹrẹ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi eyín já òwú, tó sì ń fi ètè há píìnì. Ó lè há píìnì mẹ́fà sẹ́nu, kó máa bú oníbàárà, kí ọ̀kan má sì já bọ́ nínú wọn.

Lọ́jọ́ náà, kò sí píìnì kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ká aṣọ tí kò tíì rán tán sínú àpò, ó ń so ó lókọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kúùṣẹ́ o, Àǹtí."

"Àbíkẹ́yìn ìyá mi," ni Àǹtí wí láàárín eyín, torí ẹnu rẹ̀ kò là ju fífẹ̀ ìka kan àbọ̀ lọ mọ́. "Arẹwà ọkùnrin tí ẹ̀yìn mi ò gbàgbé. Awo-egungun-bí-ẹní-ń-wo-dígí. Wọlé, má tẹ bẹ́líìtì yẹn mọ́lẹ̀."

"Kí lẹ ń kó aṣọ àwọn èèyàn sí?"

"Mò ń dá a padà fún wọn ni. Aránṣọ òdìkejì títì á bá mi parí rẹ̀. Ẹ̀rín ti pa á kú tán, bó tilẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú kí ó tó tẹ̀síwájú. "Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ kí ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n máa gé e."

Ayàwòrán jókòó sórí àga oníbàárà. Ó tún dìde.

"Ọ̀gá oníṣẹ́-abẹ gbé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò síwájú mi," ni Àǹtí ń wí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára aṣọ. "Àkọ́kọ́, orí egungun àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún rí róbótó bí orí àtàǹpàkò. Ti èṣí náà, orí àtàǹpàkò ni. Ó wá gbé ìkẹta jáde, èyí tí ìwọ yà fún mi lóṣù tó kọjá. Bí ọṣẹ tí wọ́n fi fọ aṣọ ìkókó tán ló rí, ó pẹlẹbẹ. Ó ní tí àwọn bá fi í sílẹ̀, ẹnu mi á dì pa lọ́jọ́ kan. Wọ́n á gé orí egungun yẹn kúrò, wọ́n á fi irin rọ́pò rẹ̀."

"Irin?"

"Irin ni. Ká ní ọkọ mi wà láyé ni, á ní kí wọ́n kúkú bá òun fi kọ́kọ́rọ́ sí i." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gún un, ó sì fi ọwọ́ dì í mọ́nú. "Kí ló dé tí ò ń lọ tí ò ń bọ̀ níwájú fèrèsé? Ìwọ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gé."

"Ṣé wọ́n ní wọ́n lè dá a padà, bí ó bá..."

"Dá kí ni padà? Egungun tó ti wà nínú garawa?"

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ó ti rìn kọjá ilé rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti kọjá ilé.

Ohun tí kò lè sọ fún Àǹtí ni pé òun rántí ọjọ́ tí òun ya àwòrán kẹta yẹn. Òfin kan wà lára ògiri yàrá ẹ̀rọ, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: kí òṣìṣẹ́ kankan má ṣe ya àwòrán ìbátan rẹ̀. Wọ́n kì í sọ ìdí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń wo òfin náà, tó sì ń rò pé ojúsàájú ni wọ́n ń ṣọ́ra fún, kí ẹnikẹ́ni má baà mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìwájú èrò kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ya ti àkọ́kọ́ àti ti èṣí fún Àǹtí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ náà wà ní ìsinmi, Àǹtí sì ní òun ò ní jẹ́ kí àlejò kankan fọwọ́ kan ibi tó ń dun òun. "Ìwọ ni mo gbé pọ̀n. Ìwọ ni kó wá gbé àgbọ̀n mi."

Bí ó ṣe yẹ kí ó rí ni pé kí aláìsàn fi eyín lé eyín, kí irin gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, kí bẹ́líìtì di iwájú orí rẹ̀, kí ìlà iná pupa sì gba ìsàlẹ̀ ojú kọjá sí ihò etí láìwọ́. Àǹtí jókòó, irin kan àgbọ̀n rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò ké. Omi náà ṣáà ń bọ́ ni. Ayàwòrán yọ irin náà kúrò. Ó ká gèlè Àǹtí sí mẹ́rin, ó fi tẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Ó ti dáa báyìí?" "Ó dáa, kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ." Orí Àǹtí wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ìlà iná pupa kò kan ihò etí mọ́, ó fi bí ìbú ìka kan gba òkè rẹ̀. Ó rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè ṣe nǹkan kan. Kò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kì í ya fọ́tò pẹlẹbẹ. Odindi orí èèyàn ló ń gbé wọlé, bí odindi búrẹ́dì, ayàwòrán ló sì máa wá fi kọ̀ǹpútà gé e ní wẹ́wẹ́, tí á mú ègé tó yẹ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́-abẹ. Ẹni tó bá gé búrẹ́dì láàárín, ègé tó gbòòrò ló máa rí. Ẹni tó bá gé e ní etí, ègé kékeré ni, búrẹ́dì ò sì dín. Nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ọdún wé ọdún, igun kan náà tí wọ́n fi gé ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gé gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e. Igun náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa tẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, bí orí bá ṣì dúró bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, orí kò dúró bẹ́ẹ̀, òun sì tẹ bọ́tìnnì.

Ṣé egungun Àǹtí ló yọ́ ni, àbí ọ̀bẹ ló gba etí búrẹ́dì? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kó mọ adùn oúnjẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ àdúrà, ó ní, "Olúwa, Ìwọ tó mọ iye egungun inú ara èmi àti àǹtí mi," kò sì lè wá gbólóhùn tó kàn. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Bóyá àdúrà tí èèyàn ò jókòó tì parí, òkè náà ṣáà ló ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dé ọsibítù ṣáájú àwọn tó ń gbálẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó pe odindi orí Àǹtí jáde, ó sì tún un gé. Ó yí igun díẹ̀ sí òsì. Orí egungun náà tóbi sí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún un gé lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ibi tó dára jù. Ó tún tóbi. Ìgbà kẹta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orí àtàǹpàkò padà. Ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ẹ̀rín náà wá gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Egungun kan náà ni, wákàtí kan ò tíì kọjá, ó sì ti sanra lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tó bá ti sanra jù ni ọwọ́ òun ń wá. Bí òun bá jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán, egungun náà á ju orí òun alára lọ.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Fáìlì ni, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn, tí ó ti wà ní ọsibítù náà kí kọ̀ǹpútà tó dé, tí ó sì gbà pé yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá lọ.

"Má-Mira, o tètè dé. Ṣé ìyàwó lé ẹ jáde ni?"

"Rárá, sà."

Bàbá Fáìlì tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ka orúkọ òkè àwòrán, ó wo ojú rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi tú síta, torí ẹni tí nǹkan ń gbóná nínú rẹ̀ kì í ṣòro láti tú. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fa àga, ó jókòó.

"Ó rọrùn," ni Bàbá wí. "Mú èyí tó sanra yẹn. Fi rọ́pò èyí tó wà ńlẹ̀. Pe oníṣẹ́-abẹ, wí pé o tún un wò, o rí i pé àwòrán kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ta ló máa mọ̀ pé gèlè ló wà lábẹ́ àgbọ̀n?"

"Ọlọ́run á mọ̀, sà."

"Ọlọ́run kì í kọ ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀gá ló ń kọ ọ́. O ti gba ìkìlọ̀ kan lọ́dún tó kọjá nítorí pé o pẹ́ dé. Èyí á di ìkejì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, o mọ̀ pé ó ju èje lọ."

Ayàwòrán ń fi ìka lu tábìlì.  "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé egungun náà yọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Mo fi èyí tó sanra rọ́pò, wọn ò gé e, ẹnu Àǹtí dì pa. Tí mo bá sì dákẹ́, wọ́n gé e, ó wá jẹ́ pé kò yọ́. Ọ̀nà méjèèjì, èmi ni mo ṣe é."

"Ìwọ tó ti ń gé àwòrán láti ọdún mẹ́jọ wá, o ò lè wò ó kó o mọ̀?"

"Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ fún mi."

Bàbá Fáìlì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó," ni ó wí, "kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àṣé ohun tí òfin ara ògiri yẹn ń sọ nìyẹn." Ó dìde, eékún rẹ̀ dún. "Mi ò rí ẹ lónìí o. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, Dókítà Awò-Méjì ni mo máa lọ bá, kì í ṣe oníṣẹ́-abẹ."

Dókítà Awò-Méjì ni obìnrin tó ń ka àwòrán fún gbogbo ọsibítù. Awò kan máa ń wà lójú rẹ̀, ìkejì máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń wá ti orí kiri nígbà tó bá fẹ́ kàwé. Ayàwòrán lọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan náà. Ó gbọ́ tí ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó yí padà. Ó tún lọ lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ó ní kò dáa kéèyàn dá ẹni tó ń jẹun lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ "Wọlé," ó wọlé, ó sì béèrè bóyá páálí àwòrán ti tán lọ́dọ̀ wọn. Dókítà bi í pé ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti lo páálí kẹ́yìn. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjèèjì, ó yà kí Àǹtí. Ó jẹun ńlé Àǹtí. Àǹtí ń fi ṣíbí kékeré mu ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná, ó ń wò ó. "Ò ń jẹ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà ẹ́ nítorí mi, àbí? Má fòyà. Ẹni tó dá egungun kì í sùn." Ó dìde nídìí oúnjẹ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gba Àǹtí sí ọsibítù. Ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún un. Ó ti tún un tẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká igun aṣọ. Nọ́ọ̀sì kan gbé ìwé wá, ó ní kí ìbátan aláìsàn bá àwọn buwọ́ lù ú, pé ó ti yé ìdílé pé ohun tí wọ́n fẹ́ gé kò ṣeé dá padà.

"Àbúrò mi nìyẹn," ni Àǹtí wí. "Ọ̀kan lára yín ni. Fún un ní bírò."

Ayàwòrán gba bírò. Ó rí orúkọ Àǹtí lókè, ó rí àyè tó ṣófo nísàlẹ̀. Ẹnu bírò náà sàmì kékeré sínú ìwé kó tó gbé e kúrò.

"Ṣé o ò mọ̀wé kọ mọ́ ni?" ni Àǹtí wí.

"Mò ń bọ̀, Àǹtí."

"Níbo lò ń lọ?"

Ó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sáré, torí wọ́n kì í sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, àmọ́ ìrìn náà ò yàtọ̀ sí eré. Kò kan ilẹ̀kùn Dókítà Awò-Méjì. Ó wọlé, ìwé yẹn àti bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dákun, mà. Àwòrán kẹta tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ gé àgbọ̀n obìnrin kan lọ́la, èmi ni mo yà á. Mo yọ irin àgbọ̀n kúrò, mo fi aṣọ sí i. Orí rẹ̀ wọ́. Igun àtijọ́ ni mo fi gé e. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Dókítà sọ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé tí o fi yọ irin?"

"Ó ń dùn ún, mà."

"Gbogbo wọn ló ń dùn."

"Àǹtí mi ni, mà."

 Dókítà yí àga rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Òní ni Ọjọ́rú." Ó ń wá awò kejì, ó rí i lórí, ó sọ ọ́ sójú. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Má sọ ohun tí o rò pé ó wà níbẹ̀ fún mi. Ṣé o ti tún un gé fúnra rẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà."

"Ó sanra sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó máa ń sanra." Ó pe odindi orí tọdún àkọ́kọ́ jáde, ó kùn ún ní àwọ̀ eérú. Ó pe ti oṣù tó kọjá, ó kùn ún ní pupa. Orí méjèèjì dúró síra wọn gbágungbàgun, bí ìkòkò méjì tí wọ́n dà sórí ara wọn. "Wò ó, kó o lè mọ ohun tí o máa ṣe nígbà míì. Èèyàn kì í fi ohun tó ń yí padà wọn ohun tó ń yí padà. Àgbọ̀n ń yí. Eyín ń yí. Ìsàlẹ̀ agbárí níbí, lẹ́yìn ojú, ibi tí ọpọlọ jókòó lé, bí èèyàn bá ti dàgbà tán, kò lọ síbì kankan. Ibẹ̀ ni a máa fi so wọ́n pọ̀. Tí ibẹ̀ bá ti wọ inú ara wọn ṣinṣin, ohun tó bá wá ṣẹ́kù ní àgbọ̀n, òun ni òótọ́. Orí ì báà wọ́, ì báà dojú dé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀. Ayàwòrán ń mí lẹ́yìn rẹ̀. "Jáde," ni Dókítà wí. "Ò ń mí sí mi létí."

Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rìn lọ dé ibi àtẹ̀gùn, ó rìn padà. Ó ka iye táìlì ilẹ̀, iye rẹ̀ kò bára mu ní ìgbà méjèèjì. Kò gbàdúrà pé kí egungun má yọ́. Ó fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí bí ọwọ́ òun ṣe ń wá ibi tó sanra, ojú sì tì í láti ní kí Ọlọ́run náà bá òun wá ibi tó sanra. "Jẹ́ kí obìnrin yìí rí ohun tó wà níbẹ̀," ni ó ń wí lábẹ́ ẹnu. "Ohun tó wà níbẹ̀ ṣáà."

Nígbà tí Dókítà pè é wọlé, orí méjèèjì ti wọ inú ara wọn di ẹyọ kan. Pupa nìkan ló hàn lójú kọ̀ǹpútà, àfi níwájú orí egungun àgbọ̀n ọ̀tún, níbi tí eérú kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ti yọ síta tí pupa kò bò ó.

"Ó yọ́," ni Dókítà wí.

Ayàwòrán yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

"Gbọ́ mi tán. Ó yọ́ ní mìlímítà kan àti díẹ̀, láàárín ọdún méjì gbáko. Lójú àwòrán tìẹ, ó dà bíi pé mẹ́rin ló lọ láàárín ọdún kan. Egungun tó ń lọ ní mẹ́rin lọ́dún, wọ́n ń gé e. Èyí tó ń lọ báyìí, wọ́n ń ṣọ́ ọ." Ó ti gbé fóònù sétí. "Oníṣẹ́-abẹ kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Jókòó, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un."

Kò tó wákàtí kan, gbogbo wọn ti wà ní yàrá oníṣẹ́-abẹ: ọ̀gá fúnra rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, Dókítà Awò-Méjì, Àǹtí nínú aṣọ aláìsàn tí ó ti fi píìnì fún ní ìbàdí, àti ayàwòrán tí wọ́n fún ní àga tí kò sì jókòó. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gèlè, iná pupa, bọ́tìnnì. Kò wo ojú Àǹtí.

Oníṣẹ́-abẹ gbọ́ ọ tán, ó tẹjú mọ́ èékánná eérú yẹn. "Ìyá, ọ̀bẹ tọ̀la ti lọ nìyẹn, àfi tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ìrora yín kì í ṣe irọ́, egungun náà sì ń yọ́. Mo ṣì lè ṣe é. Àmọ́ ká ní mo rí èyí lọ́jọ́ Ẹtì ni, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fún yín ni ìbòyín, ike tí ẹ ó máa gbé sẹ́nu sùn, àti pé kí ẹ má fi eyín já ohunkóhun mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a tún ya á, a tún fi wé e. Bó bá dúró, ó dúró nìyẹn. Bó bá ń lọ, a máa tún pàdé."

"Níbo ni èyí tó lọ yẹn lọ?" ni Àǹtí béèrè. Ó ń na ìka sí èékánná náà.

"Ara yín ló gbà á padà," ni Dókítà Awò-Méjì dá a lóhùn.

"Ara mi." Àǹtí gbọn orí. "Tó bá jẹ́ ara mi ló kó o, kò tíì jáde nílé. Mo fara mọ́ oṣù mẹ́fà."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ rò ó wò?"

"Mo ti rò ó láti ọjọ́ Ẹtì, ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni mo ń rò. Àwòrán ti ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà yẹn, ta ló máa yà á?"

"Kì í ṣe òun," ni oníṣẹ́-abẹ wí, ó sì fa ìwé ẹ̀sùn kan jáde nínú dùróà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. "Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́ta. Tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ló máa wà. Bí kì í bá ṣe pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ni, ẹnu ọ̀nà gan-an ni." Ó na ìwé náà sí i. Ayàwòrán fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní òun dúpẹ́.

Àǹtí kò wò ó. Wọ́n mú un wọ yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti máa gba ẹ̀dà eyín rẹ̀ fún ìbòyín. Ayàwòrán dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí onímọ̀ eyín ń bẹ̀ ẹ́ pé kó la ẹnu díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, mà, ó gbọ́ ìró kan bí ti aláìsàn tó ń sọkún láìla ẹnu, ó fẹ́ wọlé, ó rántí gèlè yẹn, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ohun tó rò lọ. Ó ka ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun kan tí kì í ṣe òótọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun funfun tí wọ́n fi gba ẹ̀dà eyín ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dé àgbọ̀n. Ó dúró síwájú àbúrò rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ náà ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. "O wá, o jókòó, o jẹun mi. Èmi ń tù ẹ́ nínú. Mo ń sọ pé kó o má fòyà."

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Inú á bí mi dọ̀la, á sì bí mi dọ̀túnla. Má bẹ̀ mí níbí, àwọn èèyàn ń wò." Ó gbé ojú sókè sí i, ó sì pa á dé. "Bá mi nu nǹkan yìí kúrò. Mi ò mọ ibi tó dé, mi ò sì lè gba àárín èrò kọjá báyìí."

Ayàwòrán fi ìwé ẹ̀sùn há abíyá. Ó lọ fi omi tutù rin àtàǹpàkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ibi tí kò dùn ún.